Ọwọ́ Tí Mo Fi Júwe Ilé Bàbá Mi

Ẹ̀yin ará ilé ní Tàmàlé, mo ti dé. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, mi ò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ kankan, ṣùgbọ́n mo rí ilé tí wọ́n ti bí bàbá mi, mo sì rí bí ènìyàn ṣe lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo dá ìjà sílẹ̀ láàárín títì. Láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń dá mi dúró lọ́nà ọjà, tí ẹ ń bi mí pé báwo ni Nàìjíríà. Ẹ jókòó kí n rò ó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnu mi lè sinmi.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ bọ́dà àti ọkọ̀ tó dákú lọ́nà dá yín lágara. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà yẹn mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá sì tíì rìn ín kò pàdánù nǹkan kan níbẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ bàbá mi, Túnjí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹ mọ bẹ́ǹṣì rẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, ẹ mọ ọwọ́ òsì rẹ̀ tó máa fi ń di sípánà mú, ẹ sì mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí báyìí. Kí n tó lọ, ó pè mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, èmi ò lè délé mọ́. Ìwọ lọ bá mi wò ó. Gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí èmi ṣe máa ń gùn ún nígbà tí mo wà léwe. Kí o dé ilé wa, kí wọ́n mọ ojú rẹ. Tí o bá padà, wá jókòó síbí, kí o júwe rẹ̀ fún mi."

"Tí wọn ò bá mọ̀ mí ńkọ́, Bàbá?"

Nọ́ńbà fóònù tí a ní ti pẹ́ tí kò ti lọ mọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú àwa ọmọ rẹ̀ tó tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló dá a lójú pé ó lè rántí rẹ̀, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá ṣì wà.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn," ó ní. "Tí mo bá kú tí ẹnikẹ́ni nílé ò mọ̀ yín, ẹ ti di àlejò nìyẹn títí láé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé rìn. Ó wúwo ju ẹrù mi lọ.

* * *

Àsìkò ọyẹ́ ni mo wọ Ọ̀yọ́. Eruku ti bo ojú oòrùn débi pé ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn, kí ojú má sì ro ó. Àwọn òrùlé páànù tó ti dógùn-ún tò lọ sínú eruku náà títí n kò fi mọ ibi tí ilé parí sí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu? Yorùbá ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Níbí ní Gáná, Yorùbá ni èdè inú ilé wa; tí a bá ti yọ ẹsẹ̀ síta, ó di èdè Dàgọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́, ọlọ́pàá ń fi Yorùbá gba ẹyin lọ́wọ́ ọlọ́jà, alágbe ń fi í tọrọ, ẹni tó ń da ewúrẹ́ ń fi í bú ewúrẹ́. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé gbogbo ìlú ló rọ́ wọ yàrá ìyá mi. Mo kàn ń rìn, mò ń tẹ́tí, omi sì ń gbọ̀n lójú mi láìnídìí.

Ṣùgbọ́n àwọn náà tẹ́tí sí mi, wọ́n sì rí i pé àjèjì ni mí. Mo dúró lọ́dọ̀ obìnrin alákàrà kan, mo ra àkàrà gbígbóná àti ẹ̀kọ, mo wá ní mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Hàà, kẹ̀kẹ́ kì í ti ibí lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ o, àǹtí. Mọ́tò ni kí ẹ wọ̀."

Ó nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kérò kiri, ìyẹn tó ń pariwo bí ẹ̀rọ ata. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kẹ̀kẹ́ báyìí.

"Rárá mà, ológeere ni mò ń wí."

Obìnrin náà fi síbí rẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ agbada. "Ológeere! Ẹ wá gbọ́ o! Ìyá ìyá mi ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Básíkù ni kí ẹ wí jàre. Níbo lẹ ti kọ́ Yorùbá àtijọ́ yìí?"

Lọ́dọ̀ bàbá mi ni. Ó kó o lọ sí Gáná nígbà tó ń lọ, ó sì tọ́jú rẹ̀ bí aṣọ tí ènìyàn tì mọ́ inú àpótí. A ò mọ̀ pé wọ́n ti rán òmíràn nílé. Obìnrin náà fi àkàrà ṣe èènì fún mi nítorí ológeere yẹn. Inú mi dùn, ojú sì tì mí.

* * *

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Fúnkẹ́ ni mo dé sí. Ẹ ò tíì gbàgbé rẹ̀: ọ̀dọ̀ wa níbí ló dàgbà sí kó tó lọ fẹ́ ará Ọ̀yọ́. Tíṣà ni báyìí. Kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ ló yá mi, ó ní kí n kọ́kọ́ gùn ún yí ìlú ká kí ẹsẹ̀ mi lè mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Níbí, oníkẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tó bá fẹ́ yà sósì, á na òsì. Tó bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, á na ọ̀tún. Àwa náà kì í fi ọwọ́ òsì kí àgbà, ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ ti kúrò ní ọwọ́, ó ti di àmì. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé rí. Mo dé oríta kan, mo fẹ́ yà sósì, mo sì na apá òsì mi gbọọrọ bí ọmọlúàbí.

Ọkọ̀ takisí kan tó wà lẹ́yìn mi tẹ bíréèkì. Bàbá àgbàlagbà tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó rìn tọ̀ mí wá.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé èmi lo nawọ́ òsì sí?"

"Ẹ má bínú sà, mo fẹ́ yà ni."

"O fẹ́ yà. Ṣé ọ̀tún rẹ rọ ni?"

"Apá òsì ni mo fẹ́ yà sí, sà."

"Ìyẹn ló ní kí o nawọ́ òsì sójú àgbà?"

"Ẹ bá wa bi í, Bàbá!" Ọlọ́kadà kan tó dúró nítòsí ló sọ bẹ́ẹ̀, òun tí kò na ọwọ́ kankan kó tó yà. Ìdí ọ̀kadà rẹ̀ ló kàn ń jù síbi tó bá ń yà sí.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí títì. Bàbá náà wò mí, inú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí.

"Gáná ni wọ́n bí mi sí, sà, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí."

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé bí o ṣe máa júwe ilé bàbá rẹ nìyẹn? Ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀ o!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní mi sínú rárá. Ó kàn pa òwe ni. Ṣùgbọ́n òwe yẹn wọ̀ mí lára. Ohun tí bàbá mi ń bẹ̀rù láti ọdún pípẹ́ wá ni ẹni ẹlẹ́ni fi ṣẹ̀fẹ̀ lójú títì. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà padà sílé, n kò gùn ún.

Àǹtí Fúnkẹ́ rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí mo ròyìn fún un.

"Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ọwọ́ òsì yẹn gan-an ló bí wọn nínú. O ò kí wọn ni."

"Lórí títì? Tí ọkọ̀ ń sáré bọ̀?"

"Ibo la kì í ti í kí èèyàn? Kọ́kọ́ wẹ̀yìn, wojú onímọ́tò, gbé ọ̀tún sókè kí o fi kí i. Tó bá ti fún fèrè dá ẹ lóhùn, ó ti di ẹni rẹ nìyẹn. Ẹni tí o bá ti kí ò ní fi ọkọ̀ gbá ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, fi òsì ṣe ohun tó bá wù ẹ́."

* * *

Àárọ̀ kùtù ni mo kúrò ní Ọ̀yọ́. Kùrukùru bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ kì í yọ títí tá á fi sún mọ́ mi. Iná rẹ̀ méjèèjì ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, tí wọ́n ń léfòó bọ̀ bí ẹni tó gbé fìtílà lórí omi. Mo wẹ̀yìn, mo gbé ọ̀tún sókè. Mo kí àwọn tó ń lọ, mo kí àwọn tó ń bọ̀, mo kí ọlọ́kadà tó di iṣu sẹ́yìn. Àṣé òótọ́ ni. Fèrè kékeré "pí" túmọ̀ sí pé mo ti rí ẹ. "Pí-pí" ni ẹ kú iṣẹ́. Èyí tó bá gùn, ẹ sáré bọ́ sínú koríko, àlàyé ń bọ̀ lẹ́yìn.

Tírélà kan wà níbẹ̀ tó kó àpò sìmẹ́ǹtì. A bá ara wa níbi òkè kan, òun ń rákò, èmi náà ń rákò. Mo wẹ̀yìn, mo kí i; ó fún fèrè jẹ́jẹ́. Kò lè kọjá nítorí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, kò sì fi ariwo lé mi sá. Nígbà tí mo dé orí òkè, mo rí i pé iwájú mọ́, mo sì fi ọ̀tún júwe fún un pé kó máa bọ̀. Ó kọjá, ó tan iná tráfíkétọ̀ ọ̀tún fún mi, ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, títí kùrukùru fi gbé e mì. Inú mi dùn jọjọ. Láti ìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ kankan ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀nà náà gùn, ẹsẹ̀ mi sì ń yí láì béèrè lọ́wọ́ mi mọ́. Igi kajú ń kọjá, òkìtì ọ̀gán ń kọjá. Nígbà kan, mo rí ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ níwájú mi, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó tẹ̀ síwájú bí bàbá mi ṣe máa ń tẹ̀. Mo sáré kí n bá a. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bóyá mo rí i, bóyá ọyẹ́ ló ń fi mí ṣeré. N kò bá ara mi jiyàn. Mo gbé ọ̀tún sókè, mo kí i, mo sì ń lọ.

Nígbà tí mo dé Odò Ọbà, oòrùn ti gun òkè, mo sì rí tírélà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn obìnrin Fúlàní ń ta wàrà díndín níbẹ̀. Dírébà náà, ọkùnrin sísanra kan tó so táwẹ́ẹ̀lì mọ́rùn, ń jẹun lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó mi orí básíkù!" ló fi pè mí. "A ti ń bára wa sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹ ò tiẹ̀ béèrè orúkọ ọkọ yín."

"Ẹ fún mi ní wàrà ná, kí n mọ̀ bóyá ọkọ gidi ni yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ra wàrà fún mi lóòótọ́. Ó gbóná, iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó ń dún lẹ́nu. Mo bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi.

"Tí ẹ bá tan tráfíkétọ̀ òsì, ṣé wọn kì í bá yín jà sí i?"

"Ìjà kẹ̀? Tí mo bá tan òsì, mò ń sọ fún ẹni ẹ̀yìn mi pé kó má kọjá, ikú ń bọ̀ níwájú. Ta ló máa bá mi jà pé mo fi òsì gba ẹ̀mí òun là?"

"Wọ́n bá èmi jà."

"Ti èèyàn yàtọ̀," ó ní, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ọkọ̀ ò ní bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gun orí kẹ̀kẹ́ padà, ọ̀rọ̀ náà bá mi lọ. Èmi ní bàbá. Ṣé ilé rẹ̀ máa gbà bẹ́ẹ̀?

* * *

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í júwe ọ̀nà fún ènìyàn lásán. Tí o bá bi wọ́n pé níbo ni, wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ilé wo. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan nìkan ló na ọwọ́ síwájú láìbi mí nǹkan kan, òun náà sì ní àlejò lòun. Àwọn yòókù fẹ́ mọ̀ mí kí wọ́n tó jẹ́ kí n kọjá, wọ́n fún mi ní kajú tútù, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi, wọ́n kí mi káàbọ̀ sí ìlú mi. Ó dùn mọ́ mi, ó sì ń bà mí lẹ́rù. Ìlú ti gbà mí. Ilé ni n kò tíì dé.

Bàbá mi ti júwe rẹ̀ fún mi tipẹ́tipẹ́: tí mo bá kọjá Ọjà Igbó, kí n máa wo apá òsì. Ògiri alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, igi máńgòrò tó fẹ̀gbẹ́ tì sí ọ̀nà bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń bọ̀. Mo ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà. Mo rí ẹ̀ka igi náà kí n tó rí ògiri. Ó ṣì fẹ̀gbẹ́ tì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbàgbé gbogbo ẹ̀kọ́. Mi ò wẹ̀yìn. Mi ò gbé ọ̀tún sókè. Omi ti bo ojú mi, ilé nìkan ni mò ń wò, apá òsì mi sì nà fúnra rẹ̀ gbọọrọ, mo yà.

Bíréèkì ké lẹ́yìn mi. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré kan tẹ̀ lé mi wọnú ọ̀nà tóóró náà, ó dúró. Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hu funfun, ó dé fìlà funfun àwọn Aládùúrà.

"Ṣé orí rẹ pé? Díẹ̀ ló kù kí n tẹ̀ ẹ́ pa! O ò wẹ̀yìn, o ò kí ẹnikẹ́ni, o kàn ń fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá mi!"

Ẹnu mi ló dá a lóhùn kí n tó rò ó.

"Ilé bàbá tèmi náà ni, sà."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ orúkọ bàbá mi, mo sọ Tàmàlé. Ojú rẹ̀ ò yí padà. Ó ní Gbàdé lorúkọ òun, ọmọ ẹ̀gbọ́n Túnjí ọkùnrin lòun, òun ò sì gbọ́ ọ rí pé Túnjí bímọ.

"Ẹnikẹ́ni lè dé, kó ní ọmọ ilé lòun," ó ní. "Máa bọ̀. Ìyá máa sọ ẹni tí o jẹ́."

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú oòrùn. Kò sí ibi tí ara ò ti hun jọ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n imú bàbá mi ló wà níbẹ̀. Bùọ̀dá Gbàdé fẹjọ́ mi sùn: mo ní ọmọ Túnjí ni mí, ọwọ́ òsì sì ni mo fi júwe ilé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti dájọ́ tán.

"Ọwọ́ wo?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Òsì, Ìyá. Ó nà án gbọọrọ báyìí."

"Sún mọ́ mi, ọmọ. Nà án kí n rí i."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ nà mí ni. Mo nà án. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń yí i, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ń sunkún.

"Wọ́n na Túnjí lẹ́gba títí nítorí ọwọ́ òsì yìí," ó ní. "Ó ń fi í jẹun, ó ń fi í jùkò, tí ó bá ti Ọ̀yọ́ dé lórí ológeere, á nà án sí ilé yìí láti ọ̀ọ́kán. Bàbá wa lù ú, lù ú, kò gbọ́. Bàbá wa ní irú ọmọ wo nìyí. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Ìyá," ni Bùọ̀dá Gbàdé wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "kò sẹ́ni tí kò lè na ọwọ́ òsì."

"Ìwọ nà án sí ilé bàbá rẹ kí n rí i."

Bùọ̀dá Gbàdé wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó kó o sí àpò.

"Ẹ rí i," Ìyá Àgbà ní. "Ẹ bu omi fún ọmọ Túnjí."

* * *

Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ nígbà tí mo padà dé. Ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Kò béèrè ọ̀nà, kò béèrè ẹrù.

"Ó yá. Júwe rẹ̀ fún mi."

Mo júwe rẹ̀. Mo sọ ti ògiri àti ti igi máńgòrò tó ṣì fẹ̀gbẹ́ tì. Mo sọ ti Ìyá Àgbà, tó pè mí ní ọmọ Túnjí lójú gbogbo agboolé. Mo sọ ti Bùọ̀dá Gbàdé, tó fi bọ́ọ̀sì rẹ̀ gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ padà sí Ọ̀yọ́, tó ń fi mí han gbogbo èrò pé àbúrò òun nìyí. Bàbá di ojú rẹ̀, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Nígbà tí o ń yà," ó ní, "ọwọ́ wo lo nà?"

"Òsì ni, Bàbá."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó gbé sípánà sílẹ̀. Ó na apá òsì rẹ̀ gbọọrọ sí títì tí kò rí, kò gbé e sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ bá ń rọra, wọ́n rò pé ó fẹ́ kọjá.

"Apá òsì ni ilé náà kúkú wà," ni bàbá mi wí.